"Wèrè wárápá" kọ́: ìgbà ló yẹ kí orúkọ náà sọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé fún àwọn aláìsàn dábàá "wèrè wárápá" fún àìsàn orí tó máa ń bá àwọn kan tó ní wárápá. Àwọn kan ti gbà á torí pé ó kúrú, ó sì dùn létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà á.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé wárápá fúnra rẹ̀ ni wèrè. Bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 6 péré nínú 100 ẹni tó ní wárápá ni irú àìsàn yìí ń bá. Lóòótọ́, ìyẹn pọ̀ ju ti àwọn yòókù láwùjọ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ẹni ẹlẹ́ni tí a ti ń sá fún itọ́ ẹnu wọn pé yóò ràn wá, ṣé ó tún kù ká pè wọ́n ní wèrè? Wèrè sì jẹ́ àìsàn, ó jẹ́ aláìsàn, ó tún jẹ́ èébú. "Ìsínwín" sàn jù. Ènìyàn lè sínwín, kí ara rẹ̀ sì yá.

Ìgbà gan-an ni mo fẹ́ kí orúkọ náà gbé jáde. Tí wárápá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ènìyàn tán, ó lè máa sọ̀rọ̀ láìmọ ohun tó ń sọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan tàbí wákàtí. Ìrànrán nìyẹn, a ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́. Èyí tó ń da ẹbí láàmú yàtọ̀. Wárápá á gbé ẹni náà léraléra láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ara rẹ̀ á wá balẹ̀, á jẹun, á bá wọn ṣeré, wọ́n á dúpẹ́. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, ló bá ní Ọlọ́run ló rán òun wá gba ayé là, tàbí pé ìyàwó òun fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ. Torí àlàáfíà tó wà láàárín, kò sẹ́ni tó ń so méjèèjì pọ̀. Wọ́n á ní aráyé ló ṣe é. Mo dábàá "ìsínwín ẹ̀yìn ìkọlù"; ìkọlù ni mo pe ìgbà tí wárápá bá gbé ènìyàn. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Òmíràn kì í dúró de ìkọlù kankan. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn dókítà Slater àti Beard kọ̀wé ní 1963 nípa ènìyàn 69 tó ní irú rẹ̀. Ní ìpíndọ́gba, wárápá ti wà lára wọn fún nǹkan bí ọdún 14 kí ìsínwín tó dé. Wọ́n ti dábàá "ìsínwín àárín ìkọlù" níbí, àmọ́ ẹni tó ń kà á á rò pé ìgbà tí wárápá ń gbé e lọ́wọ́ ni. "Ìsínwín ìgbà àìkọlù" ni tèmi, bó tilẹ̀ gùn.

Ti ìkẹyìn ni Landolt, dókítà ará Switzerland, rí ní àwọn ọdún 1950: oògùn dá wárápá dúró, ẹ̀rọ tó ń ka iná ọpọlọ ní kò sí nǹkan mọ́, ìsínwín sì yọjú. "Ìsínwín onípààrọ̀" bá a mu gan-an, torí bí ọ̀kan ṣe ń lọ ni èkejì ń dé.

Ẹnì kan béèrè níbí bóyá ọ̀tá ara wọn ni wárápá àti ìsínwín, tí ọ̀kan ń lé èkejì lọ. Irú èrò yẹn ni dókítà Meduna ní ní Budapest ní 1934, tó fi ń gún àwọn tó sínwín ní abẹ́rẹ́ káńfọ̀ kí gìrì lè gbé wọn. Ní 1938, àwọn dókítà Cerletti àti Bini fi iná mànàmáná rọ́pò rẹ̀ ní Róòmù. Èrò náà ò dúró, ìtọ́jú oníná ṣì wà títí dòní. Ayé ń rẹ́rìn-ín!

Orúkọ tó sọ ìgbà á ran dókítà pẹ̀lú lọ́wọ́ láti yan oògùn, torí àwọn oògùn ìsínwín kan, bíi clozapine, lè ru wárápá sókè, àwọn oògùn wárápá kan, bíi levetiracetam, sì lè da orí ẹlòmíràn rú.

"Ìkọlù" fúnra rẹ̀ ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, ogun ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òmíràn, pàápàá ẹ̀yin ará Kétu àti Ìjẹ̀ṣà, ẹ gbé e wá.