Ta ló ti bá ẹgbẹ́ lọ wo omi Chitrakote ní Bastar? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Àrìnká Hyderabad: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Íńdíà. Àwọn tí a jọ ń gbélé fẹ́ kó ara wọn jọ lọ sí Bastar, ní ìpínlẹ̀ Chhattisgarh, nígbà ìsinmi Dussehra, ọdún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Wọ́n ní omi kan wà níbẹ̀ tó ń já láti orí àpáta. Goa ni gbogbo èèyàn máa ń sọ, n kò tíì rí ọmọ wa kan tó dé Bastar. Ẹni tó bá ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí.

Ọmọ Ẹ̀rìn: Mo ti débẹ̀, inú mi sì dùn pé ẹnìkan béèrè. Oṣù kẹjọ ni a lọ, òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Èmi nìkan ni ọmọ Áfíríkà láàárín wa, àwọn yòókù jẹ́ ọmọ kíláàsì mi. A wọ bọ́ọ̀sì alẹ́, inú igbó ni ilẹ̀ mọ́ bá wa sí. Láti ìlú Jagdalpur ní Bastar, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 38, oko ìrẹsì lọ́tùn-ún, oko ìrẹsì lósì. Ẹ ó ti gbọ́ ohùn omi yẹn kí ẹ tó fojú rí i. Odò Indravati ni. Ilẹ̀ títẹ́jú ló ń bá bọ̀, àfi gbàà tí ilẹ̀ tán lábẹ́ rẹ̀! Bí òjò bá ti kún un, fífẹ̀ rẹ̀ á tó nǹkan bíi 300 mítà, ó tẹ̀ bí pátákò ẹṣin, omi náà á sì pọ́n nítorí erùpẹ̀ tó ń gbá bọ̀. Òkè la dúró sí, síbẹ̀ gbogbo aṣọ wa rin. Ọ̀rẹ́ wa kan tí ẹnu rẹ̀ kò sinmi láti Hyderabad pa ọwọ́ pọ̀, ó ń gbàdúrà. Ní tèmi, oríkì ilé wa ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Ìtòsí Olúmirìn, omi tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ni wọ́n bí ìyá mi sí, mo ti gun òkè náà láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò rí omi tó mi ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bẹ́ẹ̀ rí.

Kọ́lá Pune: 300 mítà kẹ̀? Omi Dudhsagar tó ń já ní Goa gan-an, nǹkan bíi 310 ni gíga rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀rìn: Ẹ̀gbọ́n, fífẹ̀ ni mo wí. Gíga Chitrakote kò ju nǹkan bíi mítà 29 lọ.

Kọ́lá Pune: Hẹ̀n-ẹ́n. Dudhsagar ló borí nìyẹn. Rélùwéè ń gba orí afárá kọjá níwájú omi náà. Èwo ni ti pátákò ẹṣin?

Ọmọ Ẹ̀rìn: Ẹ lọ wò ó lóṣù kẹjọ ná, ẹ̀gbọ́n, ká tó jọ sọ̀rọ̀.

Ìyá Tóbi: Ẹ fi gíga sílẹ̀. Omi Tirathgarh ni èmi bá ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ wò, nínú igbó ọba Kanger Valley, agbègbè kan náà ni. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀ o! Omi funfun ń gba orí àpáta kan bọ́ sórí èkejì. A ò tíì délẹ̀ tí àwọn èèyàn fi yí wa ká, tí gbogbo wọn ń fẹ́ yàwòrán pẹ̀lú wa. Ẹnìkan gba Tóbi lọ́wọ́ mi láì béèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọmọ sunkún títí. Omi tí mo torí rẹ̀ wá, n kò ráyè wò ó dáadáa.

Adé B.: Ó bí mi nínú kà.

Ṣadé Chennai: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún wa létí òkun níbí. Mo máa ń sọ pé rárá, mo sì máa ń sọ ọ́ kíkan.

Báyọ̀ Vizag: Wọn ò ní ibi lọ́kàn o. Ọ̀pọ̀ wọn ò rí wa rí.

Ìyá Tóbi: Báyọ̀, wọn ì báà má ní ibi lọ́kàn, ọmọ mi ni. Kí wọ́n béèrè.

Ọmọ Ẹ̀rìn: Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ohun tí èmi rí ni pé àwọn tó wá ṣeré láti ìlú ńlá ló ń yàwòrán wa. Àwọn ará abúlé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kan tí a dé sílé rẹ̀ kàn wò mí, ó fa ẹní fún mi, ó bu oúnjẹ sínú ewé.

Bàbá Ẹlẹ́mu: Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ salfi! Ọ̀pẹ kan ni wọ́n ń dá, wọ́n á so ìkòkò mọ́ ọn lókè. Mo mu ún láàárọ̀, ó dùn, ojú mi là. Ẹmu ni, ó tán.

Kọ́lá Pune: Kì í ṣe ẹmu. Igi ọ̀tọ̀ ni.

Bàbá Ẹlẹ́mu: Ògùrọ̀ náà, ṣé ara ọ̀pẹ kan náà ló ti wá? Ẹ jẹ́ n simi jàre.

Ṣadé Chennai: Wọ́n ní wọ́n ń jẹ eèrà níbẹ̀?

Báyọ̀ Vizag: Chapra. Eèrà pupa tó ń kọ́lé sínú ewé ni, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ ata àti iyọ̀. Ó kan díẹ̀, ó ta. Ọjà ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á. Ẹ má yinmú o, ilé ta ni wọn ò ti jẹ ẹ̀sunsun rí?

Adé B.: Ilé wa.

Ọmọ Ifẹ̀: Ẹ má ṣe ti ibi omi yẹn padà láì ya ìlú Kondagaon, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ idẹ tí wọ́n ń pè ní dhokra wà níbẹ̀. Wọ́n á fi amọ̀ mọ ère, wọ́n á fi okùn ìda tẹ́ẹ́rẹ́ wé e, wọ́n á tún fi amọ̀ bò ó. Bí iná bá mú un, ìda á yọ́ dànù, idẹ yíyọ́ á gba ààyè rẹ̀. Ọgbọ́n ìda yẹn kan náà ni àwọn baba wa fi da àwọn orí tí wọ́n hú ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938. Mo jókòó ti bàbá kan tó ń wé ìda, omijé bọ́ lójú mi. A ò gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé iṣẹ́ náà yé mi.

Ìyá Tóbi: Èyí wù mí ju omi lọ.

Báyọ̀ Vizag: Àrìnká, Dussehra lo sọ, àbí? Ti Bastar yàtọ̀ o. Ọjọ́ 75 ni wọ́n fi ń ṣe é, Danteshwari, òrìṣà wọn, ni wọ́n ń bọ, wọn kì í sun ère Ravana, ọba burúkú inú ìtàn wọn, bíi ti ibòmíràn. Wọ́n máa ń fi okùn fa kẹ̀kẹ́ igi gàgàrà kiri Jagdalpur, èrò á pọ̀ gan-an. Tètè gba yàrá. Mú páásípọ́ọ̀tù àti físà rẹ dání, nítorí ilé ìtura gbọ́dọ̀ fi orúkọ àjèjì ránṣẹ́ sí ìjọba. Nígbà yẹn, bí omi bá ti fà díẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ lè wà nísàlẹ̀ láti wa yín dé ìdí rẹ̀. Ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì.

Àrìnká Hyderabad: Ẹ ṣeun gan-an ni. Màá sọ fún wọn kí a ya Kondagaon. Ààyè ṣì kù nínú ọkọ̀ wa o, ta ló ń bọ̀?

Bàbá Ẹlẹ́mu: Ẹ fi mí sí i.