Ìkọ̀sílẹ̀ láìsí ìjà: bí tọkọtaya tó ti fohùn ṣọ̀kan ṣe lè parí rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú

Ọmọ Ìkòròdú ní Manchester

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Ní ọdún 2014 ni èmi àti ìyàwó mi ṣe ìdána ní ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Sábó, Ìkòròdú, tí a sì lọ fọwọ́ sí ìwé ní rẹ́jísírì ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí kálukú wa ti ń gbé ilé tirẹ̀ níbí. Kò sí ìjà láàárín wa: ọmọkùnrin wa kan ṣoṣo ń sùn lọ́dọ̀ mi láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ ló sì máa ń di aṣọ ilé ìwé rẹ̀ sínú báàgì fún mi. A ti jọ gbà pé kí a tú ìgbéyàwó náà ká.

Ní oṣù tó kọjá, ẹbí méjèèjì jókòó ní Ìkòròdú. Kò sí owó orí tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gbà padà, nítorí ọjọ́ ìdána gan-an ni àwọn àna mi ti dá a padà pé àwọn kò ta ọmọ. Wọ́n kàn pa obì, wọ́n sì gbàdúrà fún àwa méjèèjì. Bàbá mi wá pè mí lórí fóònù pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ lọ́yà tí mo lọ bá níbí ní kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó sì dárúkọ owó tó ju owó oṣù mi méjì lọ. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn, ṣé ọ̀nà kan sì wà tí kò ní gbọ́n àpò wa gbẹ?

Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ní Leeds

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Bàbá yín kò purọ́, lọ́yà yín náà kò purọ́. Ìgbéyàwó méjì ni ẹ ṣe. Èyí tí ẹbí so, ẹbí ti tú u. Èyí tí ẹ fọwọ́ sí ní rẹ́jísírì wà lábẹ́ òfin ìjọba, kò sì sí olórí ẹbí, pásítọ̀ tàbí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ tó lè tú u. Ní Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló ní agbára náà. Níbí pàápàá, òfin kan ti ọdún 1986 sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ tí a bá ṣe lórí ilẹ̀ yìí kò dúró, àfi èyí tí kọ́ọ̀tù bá fọwọ́ sí. Bí ẹ bá gbára lé ìpàdé yẹn kí ẹ fẹ́ ẹlòmíràn, aláya méjì ni yín lójú òfin, ẹ̀wọ̀n sì wà nídìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì san owó lọ́yà yẹn. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2022 ni òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England àti Wales, kò sì pọn dandan mọ́ kí ẹnì kan fi àgbèrè tàbí ìwà burúkú kan ẹnì kejì. Tọkọtaya lè jọ kọ ìwé kan ṣoṣo pé ìgbéyàwó àwọn ti dàrú kọjá àtúnṣe, adájọ́ kò sì ní bi wọ́n pé kí ló fà á. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ṣe tiwa ní ọdún 2023 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí ìkànnì ìjọba fúnra rẹ̀, òun nídìí fóònù rẹ̀, èmi nídìí kọ̀ǹpútà, ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí iná.

Owó kọ́ọ̀tù jẹ́ pọ́ọ̀nù 593 nígbà náà. Ó di 612 ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ọwọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ìwé ni wọn yóò ti gba gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ ti fẹnu kò lórí bí ẹ ó ṣe pín in kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì. Ìrànlọ́wọ́ wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jọ kọ ọ́, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ gbọ́dọ̀ kúnjú òṣùwọ̀n. Bó bá jẹ́ ìyàwó yín nìkan ló kúnjú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun nìkan kọ ọ́, kí ẹ̀yin sì fèsì láàárín ọjọ́ 14 pé ẹ kò takò ó. Ó lè já sí ọ̀fẹ́.

Lẹ́yìn tí kọ́ọ̀tù bá ti gba ìwé wọlé, ẹ ó dúró fún ọ̀sẹ̀ 20 kí ẹ tó béèrè fún àṣẹ àkọ́kọ́, ẹ ó sì tún dúró fún ọjọ́ 43 lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó béèrè fún àṣẹ ìkẹyìn, èyí tó ń tú ìgbéyàwó náà ká. Ẹni tó bá ní òun yóò bá yín parí rẹ̀ ní oṣù kan, olè ni.

Ibi tí tiwa ti fẹ́ bàjẹ́ ni ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Inú àpótí ìyá mi ní Ìta Ẹlẹ́wà ló wà. Ojú ibi tí wọ́n ti ká a ti já, omi ti kan òǹtẹ̀, akọ̀wé sì kọ lẹ́tà «Y» sí orúkọ mi níbi tí ìwé ìrìnnà mi ti ní «I». Ẹ̀gbọ́n mi ní láti lọ gba ẹ̀dà tí rẹ́jísírì fọwọ́ sí, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ rí i pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé náà hàn nínú fọ́tò tí ẹ bá fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, òun gan-an ni àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ gbọ́. Àṣẹ ìkẹyìn kò fi òpin sí ẹ̀tọ́ tí ẹnì kan ní lórí owó ẹnì kejì. Nínú ẹjọ́ Wyatt àti Vince, àwọn méjèèjì kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1992, ọkọ di olówó lẹ́yìn náà nídìí iná mànàmáná tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ ṣe, ìyàwó pe ẹjọ́ owó ní 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ ní 2015 pé ẹjọ́ rẹ̀ lè tẹ̀ síwájú. Ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀, kí adájọ́ fi òǹtẹ̀ lù ú lẹ́yìn àṣẹ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti san owó fún lọ́yà, iye kan pàtó la sì jọ dá kó tó fọwọ́ kan bírò.

Bí físà ọ̀kan nínú yín bá sì so mọ́ ìgbéyàwó yìí, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà níbí, pé ẹ ti pínyà.

Bàbá Ìbejì ní Houston

Mo fi ohùn sí ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀. Ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ mi nílé pé òun mọ ènìyàn ní kọ́ọ̀tù, ó sì fi ìwé aláràbarà kan ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí mo fi í sínú ìwé tí mo fi ń mú ìyàwó tí mo fẹ́ lẹ́yìn náà wọlé, wọ́n dá a padà: òǹtẹ̀ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, ìgbéyàwó rẹ́jísírì ni mo sì ṣe. Mo wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní Texas. Oṣù mẹ́fà ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ti gbé ní ìpínlẹ̀ yìí, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ní káúńtì rẹ̀, kọ́ọ̀tù yóò sì dúró fún ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn tí ìwé bá ti wọlé.

Lọ́yà yín ní Ìkòròdú

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹni tí ẹnì kejì rẹ̀ bá ṣì wà nílé lè ṣe é níhìn-ín: ilé ẹjọ́ gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ẹ̀ka ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Àgbádárìgì. Òfin wa ti ọdún 1970 kò mọ ìwé àjọkọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ olùpẹ̀jọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì gbáko, tí ẹnì kejì kò sì takò ó, kò sí ẹ̀gàn tí ẹ ó bu ara yín. Adájọ́ yóò béèrè ètò tí ẹ ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, àṣẹ àkọ́kọ́ yóò sì di àṣẹ pátápátá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ọmọ Ìkòròdú ní Manchester

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Ilẹ̀ ìdajì plọ́ọ̀tì kan wà ní Ìgbógbó. Àwa méjèèjì la dá owó rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mi nìkan ló wà lórí rìsíìtì.

Lọ́yà yín ní Ìkòròdú

Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn ti ọ̀hún, ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ síbẹ̀, nítorí àṣẹ kọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kò fúnra rẹ̀ yí orúkọ padà lórí ilẹ̀ Èkó. Nígbà tí ẹ ṣì ń bá ara yín sọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ fọwọ́ sí ìwé tó fi ìpín tirẹ̀ hàn. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, gómìnà ni yóò fọwọ́ sí gbígbé ilẹ̀ fúnni, ẹ má sì fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà tí ọmọ yín bá dàgbà.

Ọmọ Ìkòròdú ní Manchester

Ìyàwó mi ti ka gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ni yóò kọ́kọ́ ṣí ìwé náà, nítorí èmi kì í ka fọ́ọ̀mù tán kí n tó kọ nǹkan sí i, òótọ́ sì ni. N óò fún un ní pọ́ọ̀nù 306 ní ọjọ́ Ẹtì nígbà tí mo bá lọ mú ọmọ. Ìwé ẹ̀rí wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Sábó. Àbúrò rẹ̀ ti ya fọ́tò rẹ̀ wá lálẹ́ àná, àtàǹpàkò rẹ̀ bo igun kan, a sì ti ní kó tún un yà.