Ẹ bá mi là á yé ọ̀rẹ́ wa: AS pẹ̀lú AS

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọ̀rẹ́ kan l'Óṣogbo la ń fa ọ̀rọ̀ yìí lórí WhatsApp. Jẹ́nótáìpù AS ni ọ̀kan nínú wa (ó gbé àbùdá àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn sickle cell, àmọ́ àrùn náà kò ṣe é), AS lọkọ rẹ̀, SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn náà, sì ni àkọ́bí wọn. Ẹnì kan wá sọ fún un pé, bí wọ́n ṣe ní ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin ló lè jẹ́ SS, ọ̀kan náà ti lọ, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá 25 nínú 100 tirẹ̀ pé ọmọ náà lè jẹ́ SS, ohun yòówù kí àkọ́bí jẹ́. Mo ṣàlàyé títí, kò wọ̀ ọ́ létí, ó sì ti fẹ́ lóyún. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń ká mi lára. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, báwo lẹ ṣe máa ń sọ ọ́ tó fi ń yéni? Àyẹ̀wò tí wọ́n ń bù díẹ̀ lára ibi ọmọ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14 oyún, láti mọ̀ bóyá SS ni ọmọ inú, ńkọ́, níbo la ti lè rí i ṣe nítòsí?