Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ibi àwòrán ara àpáta rí, ẹ sọ tiyín

Atọ́kùn: Èkìtì kete o. Ìkọ́gòsì, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Arinta ní Ìpólé-Ìlórò, a ti wẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lónìí yàtọ̀: ta ló ti débi tí àwọn ará àtijọ́ ti ya àwòrán sára òkúta rí? Ṣé ó tó ohun téèyàn ń wọ mọ́tò lọ wò? Ẹ má sọ ti orí ìwé, èyí tójú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ.

Ọmọ Ewì: Mo ti dé ti Birnin Kudu ní ìpínlẹ̀ Jigawa. Ìpínlẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé mi lọ nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, màmá mi ò jẹun. Dutse ni mo ti ń kọ́ni, Birnin Kudu ò sì jìnnà síbẹ̀.

Olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ló sọ fún àwa kóópà pé òkúta kan wà nílùú òun tí màlúù wà lára rẹ̀. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Èmi tí wọ́n bí sáàárín àpáta l'Ádòó, òkúta wo ló tún kù tí wọ́n fẹ́ fi hàn mí? Àmọ́ Sátidé ni, kò síṣẹ́, la bá wọkọ̀.

Bá a ṣe débẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń mójú tó ibẹ̀ la kọ́kọ́ yà sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí dá. Ẹni tó bá kí wọn dáadáa níbẹ̀, ẹní ni wọ́n ń tẹ́ fún un. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó yà á lẹ́nu, ó ní kí n dìde, òun fúnra rẹ̀ náà sì dìde, ó mú ọ̀pá, ó ní ká máa bọ̀.

Àpáta wọn ò ga tó tiwa. Àwọn òkúta ńláńlá ló gun ara wọn lórí, àwọn kan sì yọrí síta débi pé òjò ò lè ba abẹ́ wọn. Abẹ́ ibi tó yọrí síta yẹn ni àwòrán wà. Mo wò ó títí, n ò rí nǹkan kan, ara òkúta lásán ni mò ń wò. Bàbá ò sọ̀rọ̀. Ó kàn na ọ̀pá rẹ̀ sókè, kò jẹ́ kó kan òkúta, ó wá ń fi fa ìlà lójú afẹ́fẹ́. Ìwo ló kọ́kọ́ yọ sí mi, ìwo méjì gígùn tó tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹ̀yìn màlúù, ikùn, ẹsẹ̀. Bí ọ̀kan ṣe yọ tán ni òmíràn ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àṣé wọ́n ti wà lókè orí wa látìgbà tá a ti dúró! Ọ̀dà wọn pọ́n bí osùn tó ti gbẹ sára.

Èyí tí n ò lè gbàgbé ni pé àwọn màlúù náà ò ní iké. Ẹ wo èyí tí àwọn Fúlàní ń dà kọjá lọ́nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́, iké ló wà léjìká wọn. Ti ara òkúta yẹn, ẹ̀yìn wọn tẹ́ ni, àwọn kan ìwo gígùn, àwọn kan ìwo kúkúrú. Irú màlúù tí wọ́n ń sìn kí oníké tó gbòde nìyẹn. Ká tó béèrè ni Bàbá ti fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀, tó sọ pé, "Babu!" Kò sí!

Ó tún mú wa lọ síbi òkúta kan tí ojú rẹ̀ jin kòtò kéékèèké. Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan nílẹ̀, ó fi lù ú: kọ́ń! Ó sún díẹ̀, ó tún lù ú, ohùn yí padà. Agogo ni òkúta ọ̀hún! Òyìnbó kan, Bernard Fagg, kọ̀wé nípa irú àwọn òkúta yìí lọ́dún 1956. Lílù ló gbẹ́ àwọn kòtò yẹn o. Ẹ wá ro iye ọwọ́ tó ti lù ú kí òkúta tó jin.

Ohun tó bí mi nínú ni orúkọ táwọn aṣèbẹ̀wò kọ síbẹ̀. Wọ́n fi èédú kọ ọ́, ẹnì kan tiẹ̀ fi nọ́ńbà fóònù sí i, bí ẹni tó ń polówó ọjà. Mo sì rí orúkọ Yorùbá láàrin wọn. Ojú tì mí níwájú Bàbá.

Atọ́kùn: Ẹ kú ìrìn o. Ṣé wọ́n gbowó? Ṣé wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ ya fọ́tò?

Ọmọ Ewì: Lọ́jọ́ tá a lọ, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, owó obì la fún Bàbá. Ẹ lè ya fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ pa iná kámẹ́rà. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni da omi sí i pé kó lè hàn dáadáa. Ọ̀dà náà ló máa bàjẹ́. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe eré.

Ọmọ Olósùnta: Èmi ò dé Jigawa rí, n ò sì ní purọ́ pé àwòrán wà lára àpáta Olósùnta wa n'Ìkẹ́rẹ́. Mo mú ọ̀rẹ́ mi kan láti Èkó wá sí Ìkẹ́rẹ́, mo fi Olósùnta àti Orole hàn án. Ó ní òkúta dára, iṣẹ́ ọnà wá ńkọ́? Mo ní iṣẹ́ ọnà tó yẹ kó o rí kò sí nílé. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tí Olówè agbẹ́gilére gbẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley ní London lọ́dún 1924, British Museum ló wà dòní. Ògògà ò gbà láti tà á o. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀, Olówè sì gbẹ́ òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi ní ṣé pàṣípààrọ̀ nìyẹn? Mo ní kó má dá mi lóhùn.

Ìyá Ìsẹ̀: Ọmọ mi, ọmọ wa ni Olówè o. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n ti bí i lóòótọ́, àmọ́ Ìsẹ̀ ló fi ṣe ilé, Arìnjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló sì ṣiṣẹ́ fún. Mo rí ilẹ̀kùn yẹn nígbà tí mo lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ mi obìnrin ní London. Lára ilẹ̀kùn náà, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan, Captain Ambrose, ká jọ sórí ohun tí wọ́n fi ń rù ú, Ògògà sì jókòó gíga pẹ̀lú adé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á mọ ẹni tí agbẹ́gilére náà gbà pé ó ni ìlú! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Iṣẹ́ ará ilé mi rèé!" Síkiọ́rítì wò mí, ọmọ mi ń fà mí láṣọ.

Ọmọ Ewì: Ìyá, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti dé Ìgbàrà-Òkè lápá Oǹdó? Wọ́n ní òkúta tí wọ́n fín nǹkan sí lára wà níbẹ̀. Téèyàn bá gba Ìlawẹ̀ àti Ìgbàrà-Odò láti Adó, kò jìnnà.

Atọ́kùn: Mo ní mọ́tò, ẹ bá mi dá epo. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ orúkọ sísàlẹ̀. Síbí o, kì í ṣe sára òkúta!