Ṣé ọjà òkèèrè tó ń wọlé fàlàlà ń dín òṣì kù ni, àbí ó ń dá kún un?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ là mí lóye. Ìtòkú níbí l'Abẹ́òkúta ni ìyá mi ti ń ta àdìrẹ. Fúnra wọn ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sára aṣọ, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rẹ ẹ́ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi jinlẹ̀. Ní báyìí, aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tó gbé ọnà tiwa sára, ló kún ọjà, owó rẹ̀ ò sì tó ìdajì ti ìyá mi. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ti ku ẹyọ kan.

Síbẹ̀, Ṣáínà wọ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé (WTO), tó ń ṣètò bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń bára wọn ṣòwò, ní 2001, Vietnam ní 2007, òṣì sì dínkù gan-an lọ́dọ̀ wọn. Nàìjíríà ti wà níbẹ̀ láti 1995! Kí ló dé tí tiwa ò rí bẹ́ẹ̀? Ṣé àìsí iná ni, àbí torí pé epo rọ̀bì la gbójú lé?

Mi ò ní kí wọ́n ti ẹnubodè o. Nígbà tí wọ́n tì í ní 2019, ìrẹsì gbówó lórí, àwa mẹ̀kúnnù ló sì ni lára jù. Aṣọ funfun tí ìyá mi ń rẹ láró gan-an, òkèèrè ló ti ń wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, àdéhùn AfCFTA, èyí tó wà fún ìṣòwò fàlàlà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 ńkọ́? Ṣé oníṣẹ́ ọwọ́ kékeré lè tipasẹ̀ rẹ̀ tajà dé Gánà? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?