CTR 0.73% lórí Facebook àti Instagram: ṣé ó kéré jù ni, àbí òṣùwọ̀n tí wọ́n fún mi ni kò bá tèmi mu?

Aládìrẹ_Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Adìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ó sì ti tó ọdún kan tí mo ti ń polówó rẹ̀ lórí Facebook àti Instagram. Èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn lo ọjọ́ 10, mo ná ₦60,000 lé e lórí láìka VAT, ó sì fara hàn ní ìgbà 48,200. WhatsApp mi ni ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ máa ń bá ara rẹ̀, nítorí n kò ní ìkànnì tèmi.

Ọmọkùnrin kan tí ó máa ń bá àwọn oníṣòwò tọ́jú ìpolówó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní CTR mi, ìyẹn ìwọ̀n bí wọ́n ṣe ń tẹ ìpolówó mi, jẹ́ 0.73%, pé ti àwọn aláṣọ gbọ́dọ̀ tó 1.24%, àti pé owó ni mo ń fọ́n dànù títí n ó fi débẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi fúnra mi ṣí ojú ìwé tí wọ́n ti ń wo àbájáde ìpolówó, mo tún rí CTR mìíràn níbẹ̀ tí ó jẹ́ 2.10%. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì, níbo sì ni 1.24% yìí ti wá? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn kí n tó pa àwòrán tí mo ń lò tì, nítorí kì í ṣe owó kékeré ni mo san fún ayàwòrán.

Akọ̀wé_Ọjà

Òótọ́ ni méjèèjì, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n kà ni kò rí bákan náà. Ohun tí CTR túmọ̀ sí ni pé kí a mú iye ìgbà tí wọ́n tẹ ìpolówó, kí a fi iye ìgbà tí ó fara hàn pín in, kí a sì sọ èsì rẹ̀ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 2.10%, gbogbo títẹ̀ pátá ni Facebook kà: ẹni tí ó tẹ orúkọ ilé ìtajà yín, ẹni tí ó fẹ́ kí àwòrán tóbi sí i, ẹni tí ó tẹ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, àti ẹni tí ó kàn fẹ́ ka ìyókù ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀. Nínú 0.73%, kìkì àwọn tí ó tẹ líǹkì tí ó ń gbé wọn lọ sí WhatsApp ni wọ́n kà. Lórí ìfarahàn 48,200, èyí àkọ́kọ́ lé díẹ̀ ní 1,000, èkejì sì jẹ́ nǹkan bíi 350.

Ní oṣù Keje ọdún 2015, Facebook fúnra rẹ̀ yọ ìfẹ́ràn, ìfèsì àti ìpínká kúrò nínú ohun tí ó ń kà nígbà tí ó bá ń ṣírò iye owó títẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ bi ọmọkùnrin náà pé irú títẹ̀ wo ni wọ́n kà nínú 1.24% tirẹ̀.

Baba_Ìṣirò

Mo mọ ibi tí 1.24% yẹn ti wá, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé wọ́n ṣì ń gbé e kiri. WordStream, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé e jáde ní ọdún 2017. Àkáǹtì 256 ti àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n wò, láti oṣù Kọkànlá ọdún 2016 títí di oṣù Kìíní ọdún 2017, wọ́n sì rí i pé 0.90% ni ó kan olúkúlùkù bí a bá pín in dọ́gba. Ti àwọn agbẹjọ́rò ni ó ga jù, 1.61%, ti àwọn ìsọ̀ ìtajà tẹ̀ lé e, 1.59%, ti aṣọ jẹ́ 1.24%; ti ìwáṣẹ́ àti ìkọ́ṣẹ́ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, 0.47%.

Ẹ wá wo ohun tí ó wà nínú iye yìí. Àkáǹtì 256 tí a pín sí ìsọ̀rí tí ó ju 15 lọ túmọ̀ sí pé ìsọ̀rí kan kò lè ní tó 20 bí a bá pín wọn dọ́gba, àwọn tí ó sì wà níbẹ̀ kì í ṣe aláṣọ tí ó ń gba ènìyàn lọ sí WhatsApp. Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fi wò ó, oṣù Kérésì sì wà láàárín rẹ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wá ohun tí wọn yóò rà. Ilé iṣẹ́ náà pàápàá kò dúró síbẹ̀: nínú ìròyìn tí ó gbé jáde ní 2024, ó ti ya ìpolówó tí ó ń wá kí ènìyàn ṣí ìkànnì sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó ń wá kí ènìyàn fi orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1.57%, ti èkejì sì jẹ́ 2.53%. Bí àlàfo tó báyìí bá wà láàárín irú ìpolówó méjì lórí Facebook kan náà, a jẹ́ pé ẹni tí ó bá fún yín ní iye kan ṣoṣo kò tíì fún yín ní òṣùwọ̀n kankan. (Ìpolówó alàwòrán àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T gbé sórí ìkànnì HotWired ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994, ẹni 44 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní ó tẹ̀ ẹ́. Ta ni yóò fi ìyẹn díwọ̀n ọjà lónìí?)

Ohun tí ẹ ní kí Facebook bá yín wá ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ nígbà mìíràn. Bí ẹ bá ní kí ó wá títẹ̀, àwọn tí ọwọ́ wọn yá sí títẹ̀ ni yóò lọ kó wá, CTR yóò sì ga, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn kọ́ ni wọ́n máa ń rajà dandan. Ní ọdún 2009, comScore, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ìwádìí nípa íntánẹ́ẹ̀tì, rí i ní Amẹ́ríkà pé ìdá 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ni ó tẹ ìdá 85 nínú gbogbo títẹ̀ tí àwọn ìpolówó alàwòrán rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa: níbo ni ìpolówó yín ti fara hàn, ènìyàn mélòó ni ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, mélòó ni ó sì rà?

Ajé_Ń_Wọlé

Mo bọ̀wọ̀ fún Baba, ṣùgbọ́n kí a má sọ ọ́ di pé CTR kò já mọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe ẹni tí ó dá owó tí ó pọ̀ jù lé e nìkan ni Facebook máa ń fún ní ààyè. Ó tún máa ń ṣírò bí ó ti ṣeé ṣe tó pé ẹni tí yóò rí ìpolówó yóò ṣe ohun tí a fẹ́, ó sì máa ń wo bí ìpolówó náà ti dára tó. Ìpolówó tí ẹnikẹ́ni kò kà sí yóò ná oníṣòwò ní owó púpọ̀. ₦60,000 lórí ìfarahàn 48,200 jẹ́ nǹkan bíi ₦1,245 lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Bí CTR bá jẹ́ 0.73%, títẹ̀ kan ń ná yín ní ₦169 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí ó bá lè dé 1.24%, nǹkan bíi ₦100 ni ì bá jẹ́. Ìyàtọ̀ yẹn tó fi ra okùn àti àró. Èmi kò ní fi iye ará Amẹ́ríkà lé ara mi níré, ṣùgbọ́n n kò ní fojú fo CTR tèmi tí ó bá ń já wálẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí àmì ni pé àwòrán náà ti sú àwọn ènìyàn.

Aládìrẹ_Ìtòkú

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wò ó bí ẹ ṣe ní kí n wò ó. Lórí ojú ìwé Facebook, ó fara hàn ní ìgbà 19,000, wọ́n sì tẹ líǹkì ní ìgbà 228, èyí tí ó jẹ́ 1.20%. Lórí Stories Instagram, ibi tí àwòrán ti máa ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan tí yóò sì kọjá lọ, ó fara hàn ní ìgbà 22,000, ìgbà 66 péré ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, 0.30%. Ìyókù, 60 nínú 7,200, wá láti àwọn ibòmíràn. Ẹni 141 ni ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹni 9 ni ó rà, èrè mi lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bíi ₦9,500 kí n tó yọ owó ìpolówó. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn 141 kàn béèrè pé èló ni, mo dá wọn lóhùn, n kò sì gbúròó wọn mọ́.

Baba_Ìṣirò

Ọ̀rọ̀ náà ti wá yé mi báyìí. Lórí ojú ìwé Facebook, CTR yín fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 1.24% tí wọ́n fi dẹ́rù bà yín dọ́gba. Stories ni ó fà á wálẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ohun tí ó wà níbẹ̀ máa ń lò kí ọwọ́ ènìyàn tó fò ó kọjá. Kò burú, ibi méjì tí ìwà àwọn ènìyàn kò ti jọra ni ẹ rò pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fi CTR sílẹ̀ ná. Bí a bá fi VAT 7.5% kún un, ₦64,500 ni ẹ ná, ẹni 9 sì rà. Oníbàárà kan ná yín ní nǹkan bíi ₦7,167 nínú èrè ₦9,500. Ibi tí omi ti ń jò ni àárín 141 àti 9. Ṣé iye owó wà lórí ìpolówó náà? Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ń sanwó fún títẹ̀ àwọn tí kò ní rà á ní iye tí ẹ ń tà á. Ẹ kọ iye náà sórí àwòrán yẹn gan-an. CTR yóò já wálẹ̀, mo sọ ọ́ fún yín ṣáájú kí ẹ̀rù má bà yín. Ẹ má sì tíì fọwọ́ kan Stories, kí ẹ má baà yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà tí a kò fi ní mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́.

Aládìrẹ_Ìtòkú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ iye owó sórí àwòrán, mo sì ná ₦39,000, tí ó di ₦41,925 pẹ̀lú VAT. Ó fara hàn ní ìgbà 30,100, wọ́n tẹ líǹkì ní ìgbà 157, ẹni 88 fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹni 8 rà. CTR jẹ́ 0.52%. Ọmọkùnrin yẹn tún pè mí láti sọ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ sí i. Mo bi í pé irú títẹ̀ wo ni ó ń kà, ó ní òun yóò padà pè mí.

Akọ̀wé_Ọjà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Owó tí ẹ fi rí oníbàárà kan ti kúrò ní ₦7,167, ó ti di nǹkan bíi ₦5,241.

Baba_Ìṣirò

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pe ayẹyẹ. Ẹni 8 àti ẹni 9 kéré púpọ̀ láti fi dájọ́. Bí ìpolówó kan bá fara hàn ní ìgbà 1,000, tí CTR rẹ̀ gan-an sì jẹ́ 1%, títẹ̀ 10 ni a retí, ṣùgbọ́n ó lè bọ́ sí 5 ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó sì di 16 ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun. Ẹ fi àwòrán náà sílẹ̀ títí àwọn tí ó rà yóò fi tó 30, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sínú ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ibi tí ó ti fara hàn, títẹ̀ líǹkì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, àwọn tí ó rà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá dán an wò láìsí Stories.