Àpáàdì inú oko yìí, ṣé abúlé àtijọ́ ni àbí ajílẹ̀ lásán?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa wíwa ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa. Àwa aráàdúgbò kan la kóra jọ, a gbẹ́ ihò mẹ́sàn-án, mítà kan níbùú lóòró, sẹ̀ǹtímítà 10-10 la ń gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀, gbogbo iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ la sì jọ̀. Àpáàdì pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá wa wò ó ní bí ọdún 1200 sí 1350 ni wọ́n ti wà, àmọ́ wẹ́wẹ́ ni gbogbo ẹ̀, etí ẹ̀ ti jẹ, kò sì sí ihò òpó tàbí òkúta ìpìlẹ̀ kankan. Mo mọ̀ pé nígbà yẹn wọ́n máa ń da pàǹtí ilé mọ́ ìgbẹ́ ẹran kí wọ́n tó fọ́n ọn sóko, ìyẹn ló ń kọ mí lóminú, torí àwọn kan nínú wa ti ń pariwo abúlé kiri. A ti wọn àpáàdì ihò kọ̀ọ̀kan, a wo máàpù àtijọ́ àti fọ́tò tí wọ́n yà látòkè, pàbó ni.

Báwo lẹ ṣe ń fi bí àpáàdì ṣe tóbi tó àti bí etí ẹ̀ ṣe rí mọ̀ bóyá èèyàn gbébẹ̀ àbí ajílẹ̀ ló gbé e débẹ̀?